Ta Ló Gba Àárín Ẹran Kọjá? Àgbéyẹ̀wò Májẹ̀mú Bíbélì àti Ìdàgbàsókè Onígbàgbọ́

Ẹgbọ̀rọ̀ abo màlúù ọlọ́dún mẹ́ta, abo ewúrẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta, àgbò ọlọ́dún mẹ́ta, àdàbà kan àti ọmọ ẹyẹlé. Bí Gẹ́nẹ́sísì orí 15 ṣe ka ẹran náà lẹ́sẹẹsẹ nìyẹn. Ábúrámù la àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin sí méjì, ó tẹ́ ìlàjì kan kọjú sí èkejì, ó fi ọ̀nà sílẹ̀ láàárín. Kò la àwọn ẹyẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ tó kù fún un kò ju kó máa lé igún tó ń bà lé òkú ẹran. Bí oòrùn ti ń wọ̀, oorun àsùnwọra gbé e lọ, òkùnkùn abanilẹ́rù sì bò ó. Inú òkùnkùn yẹn ni ìkòkò iná eléèéfín àti ògùṣọ̀ tó ń jó ti gba àárín ẹran kọjá. Ábúrámù kò gba ibẹ̀. Ó ń sùn.

Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti jókòó ní kíláàsì Ọjọ́ Ìsinmi tí a ka orí yìí, tí a sáré fo ẹran àti igún kí a lè tètè dé ibi ìlérí. Lọ́jọ́ kan, baba kan tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe alápatà na ọwọ́ sókè. "Tíṣà, ẹ dákun, ta ló wá gba àárín ẹran yẹn kọjá? Ṣé Ábúrámù fúnra rẹ̀ ò gba ibẹ̀ ni?" Tíṣà ṣí ìwé atọ́nà rẹ̀ síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn, ó ní ká fi ìyẹn sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, orí mìíràn la kà. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè baba yẹn ti ń tẹ̀ lé mi kiri. Ẹni tó bá mọ ẹni tó rin ọ̀nà ẹlẹ́jẹ̀ yẹn á mọ irú ìdàgbàsókè tí Bíbélì ń retí lára onígbàgbọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, bí kò bá fi ẹ̀rù sin Ọlọ́run, á máa bá a ná ọjà.

Àwọn Hébérù ní tiwọn, gígé ni wọ́n ń gé májẹ̀mú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé a gé igi lulẹ̀ náà ni wọ́n ń lò. Jeremáyà orí 34 jẹ́ ká rí ìdí rẹ̀. Nígbà tí ogun Bábílónì dó ti Jerúsálẹ́mù, Ọba Sedekáyà àti àwọn ọlọ́lá ìlú dá àwọn ẹrú wọn tó jẹ́ Hébérù sílẹ̀. Wọ́n la ọmọ màlúù sí méjì, wọ́n gba àárín rẹ̀ kọjá. Ogun ṣí díẹ̀, wọ́n tún lọ kó ẹrú wọn padà. Wòlíì wá kéde pé bí wọ́n ṣe ṣe ọmọ màlúù yẹn ni Ọlọ́run yóò ṣe àwọn náà. Irú ìbúra yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ náà. Nínú àdéhùn tí Ashur-nirari Karùn-ún, ọba Asíríà, bá Mati'ilu ará Arpad ṣe ní ọ̀rúndún kẹjọ ṣáájú ìbí Krístì, ọ̀dọ́ àgùntàn ni wọ́n mú síta, wọ́n sì là á yé Mati'ilu pé bó bá dalẹ̀, orí ẹran náà ti di orí tirẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ọba kékeré ló máa ń fara gba irú èpè bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ọba ńlá. Ní Gẹ́nẹ́sísì 15, iná àti èéfín ló rìn, àmì kan náà tí Ọlọ́run fi sọ̀ kalẹ̀ sórí òkè Sínáì lẹ́yìnwá ọ̀la. Ẹni ńlá ló fi orí ara rẹ̀ búra. Ẹni kékeré ń hanrun.

Àwa Yorùbá mọ ìbúra bí ẹní mowó, a sì ní orúkọ fún un. Àwọn tó bá mulẹ̀ pọ̀, ẹnu gbogbo wọn ló kan ohun tí wọ́n mu, ilẹ̀ sì ni ẹlẹ́rìí. Ẹni tó bá dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́, tí lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù jáde lédè Yorùbá ní 1850, tí iṣẹ́ náà ń bá a lọ títí odindi Bíbélì fi wà, májẹ̀mú ni Bíbélì wa mú, kò mú ìmùlẹ̀. Ó dùn mọ́ mi pé ó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Júù tó tú Ìwé Mímọ́ sí Gíríìkì ní Alẹkisáńdíríà, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Krístì, ti bá irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ pàdé. Gíríìkì ní syntheke fún àdéhùn àwọn ẹgbẹ́ méjì. Wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n mú diatheke, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi ń pe ètò tó bá ṣe lórí ogún rẹ̀. Olówó ogún ló ń ṣe é. Àrólé ò ní ẹnu níbẹ̀. Ọ̀nà yẹn náà ni Látìnì gbà dé testamentum, orúkọ tí ọ̀pọ̀ èdè Yúróòpù fi ń pe apá méjèèjì Bíbélì dòní. Pé a yí ọ̀rọ̀ padà kò sọ pé ìmùlẹ̀ kúrò lọ́kàn wa ṣá o. A máa padà sí ìyẹn.

Ká tó dé ibẹ̀, ká wo àwọn májẹ̀mú náà fúnra wọn. Ti Nóà kò nira: kò sí ohun tí wọ́n ní kí Nóà ṣe kí òṣùmàrè tó yọ, ẹranko ìgbẹ́ pàápàá sì wà nínú rẹ̀. Ọlọ́run ní òun ni òun yóò máa wo òṣùmàrè náà tí òun yóò fi máa rántí. Ti Ábúráhámù ní ìkọlà lára, ní orí 17, ṣùgbọ́n orí 15 ti ṣáájú rẹ̀.

Sínáì ló ń kó ìdààmú bá oníwàásù. Ní 1954, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, George Mendenhall, gbé Sínáì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdéhùn tí àwọn ọba Hítì máa ń bá àwọn ọba abẹ́ wọn ṣe, ó sì rí i pé wọ́n jọra. Ọba ńlá á kọ́kọ́ sọ orúkọ ara rẹ̀, á ka oore tó ti ṣe fún ọba kékeré, lẹ́yìn náà ni á tó pàṣẹ. Wọ́n á gbé ìwé náà sí ilé òrìṣà, wọ́n á sì ka ìbùkún àti ègún. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti bá a jiyàn lórí ọjọ́ orí àwọn ìwé náà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ṣí Ẹ́kísódù orí 20 á rí ètò kan náà. Kí òfin àkọ́kọ́ tó jáde, Ọlọ́run rán wọn létí pé òun ló kó wọn kúrò ní Íjíbítì. Wọ́n ti rékọjá Òkun Pupa, wọ́n ti jẹ mánà, kí òfin mẹ́wàá tó dé. Kò sí ẹni tó pa òfin mọ́ kí wọ́n tó gbà á sílẹ̀.

Ní orí 24, àwọn ènìyàn náà búra lóòótọ́. Mósè wọ́n ìdajì ẹ̀jẹ̀ sórí pẹpẹ, ó wọ́n ìdajì sí wọn lára, àádọ́rin àgbààgbà sì gòkè lọ jẹ, wọ́n mu níwájú Ọlọ́run. Ogójì ọjọ́ tí Mósè lò lórí òkè kò tíì pé dáadáa tí ère màlúù fi dé. Ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ni májẹ̀mú yẹn ti kọ́kọ́ yẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí Pọ́ọ̀lù fi sọ fún àwọn ará Gálátíà pé òfin tó dé lẹ́yìn 430 ọdún kò lè pa ìlérí tó ṣáájú rẹ̀ rẹ́.

Mo fẹ́ràn ti Dáfídì nítorí èdè wa. Nínú 2 Sámúẹ́lì orí 7, Dáfídì fẹ́ kọ́ ilé fún Ọlọ́run, Ọlọ́run sì ní rárá, òun lòun yóò kọ́ ilé fún Dáfídì. Nínú Hébérù, ọ̀rọ̀ kan náà ni ilé tí a fi igi àti òkúta kọ́ àti ilé tó jẹ́ ìdílé. Àwọn elédè mìíràn ní láti ṣàlàyé àwàdà yìí fún ọmọ ìjọ wọn. Ọmọ Yorùbá tó bá ti bi ẹnìkan rí pé "ọmọ ilé ibo ni ọ́?" ti gbọ́ ọ ná.

Jeremáyà 31 ló wá kéde májẹ̀mú titun, tí Jésù sì nawọ́ sí i lórí tábìlì Ìrékọjá nínú Lúùkù orí 22. Ohun tó jẹ́ titun nínú rẹ̀ kò pọ̀: òfin náà yóò kúrò lára òkúta, yóò wọ inú ọkàn, a ó sì dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì. Ẹsíkíẹ́lì orí 36 fi ọkàn ẹran rọ́pò ọkàn òkúta. Ohun tí Sínáì bèèrè lọ́wọ́ ènìyàn ni Ọlọ́run wá gbà láti máa ṣe nínú ènìyàn. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè ti wọlé.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn ti jà gan-an lórí iye májẹ̀mú. Heinrich Bullinger kọ̀wé ní Zurich ní 1534 láti fi hàn pé ọ̀kan ṣoṣo ni láti ìgbà Ábúráhámù. Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ Westminster ti 1646 sọ ọ́ di méjì, ti iṣẹ́ pẹ̀lú Ádámù àti ti oore-ọ̀fẹ́, Johannes Cocceius sì gbé odindi ẹ̀kọ́ ìsìn ka orí rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1648. (Ọ̀rọ̀ náà májẹ̀mú kò jáde nínú Gẹ́nẹ́sísì kó tó di ìgbà Nóà, àbùjá ni wọ́n gbà débi ti Ádámù.) John Nelson Darby gé ìtàn sí ìgbà ìgbà, Bíbélì Scofield ti 1909 sì tan ìgbà méje náà kálẹ̀ débi pé ọ̀pọ̀ oníwàásù tí kò gbọ́ orúkọ Scofield rí ń wàásù rẹ̀. Mi ò ní fi gbogbo ọjọ́ ka iye wọn. Wọ́n lè jẹ́ ọ̀kan, wọ́n lè jẹ́ mẹ́fà. Ìbéèrè alápatà yẹn ṣì dúró síbẹ̀.

Níbo wá ni májẹ̀mú àti ìdàgbàsókè ti pàdé? Inú lẹ́tà sí àwọn Hébérù ni. Ní òpin orí 5, òǹkọ̀wé náà bínú: ó yẹ kí wọ́n ti máa kọ́ ẹlòmíràn, wàrà ni wọ́n ṣì ń mu. Ó ka ìpìlẹ̀ tí kò fẹ́ tún fi lélẹ̀ mọ́: ìrònúpìwàdà, ìgbàgbọ́, ìbatisí, ìgbọ́wọ́léni, àjíǹde, ìdájọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní ìjìnlẹ̀ wà nínú ohun tó pè ní wàrà. Kí wá ni oúnjẹ líle? Ẹ máa kà á lọ, láti orí 7 dé 10. Iṣẹ́ àlùfáà Jésù àti májẹ̀mú titun ni. Ó da Jeremáyà 31 sínú orí 8, èyí tó gùn jù nínú gbogbo ibi tí Májẹ̀mú Titun ti ka Májẹ̀mú Láéláé. Ẹni tó bá ti dàgbà, lójú òǹkọ̀wé yìí, ni ẹni tó lè gbọ́ pé wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ náà fún òun, kó sì gbà á gbọ́.

Kọ́ríńtì tún wá jẹ́ ìjọ tí ẹ̀bùn kún fọ́fọ́. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé kò sí ẹ̀bùn tó wọ́n wọn: ahọ́n àjèjì, àsọtẹ́lẹ̀, ìwòsàn. Bí ọdún márùn-ún lẹ́yìn tó dá ìjọ náà sílẹ̀, ó kọ̀wé sí wọn pé ọmọ ọwọ́ ni wọ́n. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé wọ́n ń jowú, wọ́n ń jà: ẹni yìí ní ti Pọ́ọ̀lù lòun, ẹni tọ̀hún ní ti Àpólò. Ká ní ní ìlú wa ni, nǹkan tí wọ́n fi ń jó lórí pẹpẹ là bá fi wọ̀n wọ́n.

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù fi dojú kọ "ọmọ ọwọ́" ni teleios, èyí tí Bíbélì wa sábà máa ń pè ní "pípé". Tí a bá gbọ́ pípé, aláìlẹ́ṣẹ̀ ló ń wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn, ẹ̀rù á sì bà wá. Àgbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn jù: gbó. Àgbàdo tó gbó kò sọ pé kòkòrò ò bù ú jẹ rí. Ó ti dé ibi tó ń lọ ni. Nínú Máàkù orí 4, Jésù pa òwe irúgbìn tó ń hù nígbà tí àgbẹ̀ ń sùn tó ń jí, tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ń mú èso wá, ewé ṣáájú, lẹ́yìn náà ṣírí, lẹ́yìn náà ọkà tó gbó. Ẹlòmíràn tún sùn. Kì í ṣe pé ká káwọ́ gbera o. Ní 2 Pétérù orí 1, àpọ́sítélì náà ní kí wọ́n sa gbogbo ipá wọn láti fi ìwà rere kún ìgbàgbọ́, ìmọ̀ kún ìwà rere, títí dé orí ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ tó ṣáájú ti sọ pé Ọlọ́run ti fún wọn ní àwọn ìlérí rẹ̀ ná. Igún ń bẹ láti lé. Ẹran náà ti wà nílẹ̀.

Orí bí gbígbó náà ṣe ń yá tó ni ìjọ ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. John Wesley kọ́ni pé Ọlọ́run lè sọ onígbàgbọ́ di pípé nínú ìfẹ́ láyé yìí. Ìpàdé Keswick, tó bẹ̀rẹ̀ ní England ní 1875, wàásù ìjọ̀wọ́-ara-ẹni tó ń gbé ènìyàn dé ìṣẹ́gun. Níbí, William Kumuyi àti ènìyàn 15 tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì nínú ilé rẹ̀ ní Yunifásítì Èkó ní 1973 mú ìwẹ̀nùmọ́ gẹ́gẹ́ bí ìrírí kejì lẹ́yìn àtúnbí. Mo bọ̀wọ̀ fún ìfọkànsìn tí ẹ̀kọ́ yìí gbìn sínú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Síbẹ̀, mo mọ àwọn tó kọ ọjọ́ tí wọ́n rí ìrírí náà sílẹ̀ nínú ìwé ìrántí wọn, tí aya wọn kò tíì rí i.

Wesley tún fi nǹkan mìíràn sílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ 1755, ní ìjọ àwọn ará Faransé ní Spitalfields ní Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bí ènìyàn 1,800 dìde dúró láti gba májẹ̀mú tó kà sí wọn létí, èyí tó mú láti inú ìwé Richard Alleine. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tí Thomas Birch Freeman gbé dé Àgbádárìgì ní 1842, gbé ìsìn náà dé ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ ìjọ wọn sì ń ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Mo jókòó níbẹ̀ lọ́dún kan. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ inú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ènìyàn ti ń gbà kí Ọlọ́run gbé iṣẹ́ lé òun lọ́wọ́ tàbí kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, ìka ìyá dúró, ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Àwọn tó kù ti lọ síwájú kó tó wá wí i, jẹ́ẹ́jẹ́, ní òun nìkan. Oúnjẹ Olúwa ló tẹ̀ lé e. Ìsìn tí ń bèèrè nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ arúgbó, tí kò sì ṣèlérí mọ́tò fún un, ṣọ̀wọ́n nísinsìnyí.

Nítorí májẹ̀mú ọrọ̀ ló gbòde. Ìjọ Rídíìmù, tí Josiah Akindayomi dá sílẹ̀ ní 1952, ń ròyìn pé Ọlọ́run bá a dá májẹ̀mú tó dà bí ti Ábúráhámù: bí àwọn ọmọ ìjọ bá fi òtítọ́ sìn ín, yóò pèsè fún ìjọ náà. Ti ìpèsè fún iṣẹ́ Ọlọ́run nìyẹn. Láti ọ̀dọ̀ Kenneth Hagin àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni irú mìíràn ti wọlé, tó ń so ọrọ̀ mọ́ májẹ̀mú fún olúkúlùkù, David Oyedepo sì sọ ọ̀rọ̀ náà di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Yunifásítì tí ìjọ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Ọ̀tà ní 2002, Covenant ni orúkọ rẹ̀. Diutarónómì 8:18 ni wọ́n máa ń dúró lé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka odindi orí náà. Ìkìlọ̀ fún ẹni tó ti yó, tó fẹ́ gbàgbé ebi aginjù, ni. Agbára láti ní ọrọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, kí Ọlọ́run lè mú ohun tó ti búra fún àwọn baba ṣẹ, ìbúra tó ti wáyé kí ọmọ wọn kankan tó san ìdámẹ́wàá níwájú Mósè. Tí a bá wá yí i padà pé kí n gbin irúgbìn kí Ọlọ́run lè jí sí májẹ̀mú rẹ̀, a ti jí Ábúrámù lójú oorun nìyẹn, a ní kó wá fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀jẹ̀.

Apá kejì ni ìmùlẹ̀ tó padà wọlé. Májẹ̀mú ìdílé, májẹ̀mú ibi ìbí, májẹ̀mú tí baba ńlá ẹni bá odò dá: ìjọ Òkè Iná tí Daniel Olukoya bẹ̀rẹ̀ ní 1989 ló sọ àdúrà ìfọ́májẹ̀mú di olókìkí jù, ṣùgbọ́n ó ti dé ọ̀pọ̀ ìjọ. Mi ò ní fi ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi jin òrìṣà kí wọ́n tó já ìwọ́ rẹ̀ mọ ohun tó ń bẹ̀rù, oníwàásù tó bá sì fọwọ́ rọ́ ẹ̀rù yẹn sẹ́yìn kò mọ ilé tí wọ́n ti bí ọmọ ìjọ rẹ̀. Ẹ̀dùn ọkàn mi ni pé ẹnìkan ti wà nínú ìjọ fún ogún ọdún, májẹ̀mú ilé bàbá rẹ̀ ló ṣì ń fọ́ ní gbogbo oṣù. Kí ló kù tí yóò fi jẹ oúnjẹ líle? Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ibi tí ìdáhùn wà. Jeremáyà 31:31 ni gbogbo wa mọ̀. Ẹ ka ẹsẹ 29 àti 30. Òwe àwọn Júù wà níbẹ̀ nípa baba tó jẹ èso kíkan tí eyín ọmọ fi kan. Jeremáyà ní wọn kò ní pa òwe yẹn mọ́, Ẹsíkíẹ́lì orí 18 sì fi odindi orí sọ ọ́ pé olúkúlùkù ni yóò ru ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Ẹnu ọ̀nà májẹ̀mú titun ni wọ́n ti fọ́ májẹ̀mú eyín kíkan, Ọlọ́run kan náà, ojú ìwé kan náà. Gálátíà orí 3 tún ní Krístì ti di ègún nítorí wa. Ẹni tó rìn láàárín ẹran ti san ohun tí ó fi orí ara rẹ̀ búra, àti ohun tí ẹni tó sùn ì bá san.

Orí 11 lẹ́tà àkọ́kọ́ sí Kọ́ríńtì ni Pọ́ọ̀lù ti dé orí ife májẹ̀mú titun. Àwọn ọmọ ọwọ́ orí 3 náà ló ń bá sọ̀rọ̀. Ní tábìlì yẹn, olówó tètè dé, ó ti jẹ, ó ti mutí yó. Ẹrú àti alágbàṣe tí iṣẹ́ dá dúró dé, kò bá nǹkan kan. Pọ́ọ̀lù bá wọn wí kíkankíkan, ó ní àwọn kan nínú wọn ń ṣàìsàn, àwọn kan ti kú nítorí rẹ̀. Síbẹ̀ kò gba ife lọ́wọ́ wọn. Ó ní nígbà tí wọ́n bá tún pàdé láti jẹun, kí wọ́n dúró de ara wọn, kí ẹni tí ebi ń pa jù jẹun nílé kó tó wá.